Kí Ni Ìtumọ̀ “Wọ́dìn”?

Ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ, láti Ìgbókòdá títí dé Àwòyè, bí a bá dárúkọ “wọ́dìn” nínú ìjọ Áńgílíkà, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí à ń wí: ẹni ọ̀wọ̀ tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, tí ó ń ṣíwájú àlùfáà wọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà, ọ̀pọ̀ yóò ní, “Oyè ni.” Ẹ jẹ́ kí a tú u wò lónìí.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbọ́ ọ. Àwọn pàápàá gbà á lọ́wọ́ àwọn Faransé, lẹ́yìn tí William ará Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní 1066. Orísun rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan láti ìhà Jámánì, tí ó túmọ̀ sí “ṣọ́.” Ọ̀rọ̀ náà bímọ púpọ̀. Wọ́dà tí ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ ni. Gáàdì tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ni pẹ̀lú, nítorí ohun tí apá kan ilẹ̀ Faransé ń fi “w” pè, “g” ni apá kejì fi ń pè é. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́dìn, wọ́dà àti gáàdì? Olùṣọ́ ni gbogbo wọn.

Kí ni wọ́dìn wá ń ṣọ́? Ohun ìní ìjọ ni: owó, agogo, aṣọ àti ife mímọ́. Ìwé ìṣirò owó àwọn wọ́dìn ìjọ Míkáẹ́lì Mímọ́ kan ní ìlú Bath, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1349, ṣì wà títí di òní. Ní 1604, ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí àlùfáà àti ìjọ jọ yan wọ́dìn. Bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, kí àlùfáà yan ọ̀kan, kí ìjọ yan èkejì. Ọdún kan péré ni wọn yóò lò, àfi bí a bá tún wọn yàn. Bí ọdún bá parí, kí oṣù kan tó kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò owó níwájú àlùfáà àti ìjọ, kí wọ́n sì kó èyí tí ó kù lé àwọn tí ó gbapò wọn lọ́wọ́.

Àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., tí Henry Townsend wà lára wọn, tí ó dé Àgbádárìgì ní 1842, ni wọ́n mú ètò ìjọ yìí wọ ilẹ̀ wa.

Ní etí omi, iṣẹ́ náà le ju ti orí ilẹ̀ lọ. Òkun ń jẹ ilẹ̀. Ní Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, ọ̀pọ̀ ilé ti di omi. Ìjọ tiwọn yàtọ̀ sí Áńgílíkà, ṣùgbọ́n òkun kò mọ ìjọ yàtọ̀. Bí omi bá gba ilé ìsìn, a lè kọ́ òmíràn. Bí ó bá gba ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé owó ńkọ́? Ta ni yóò jẹ́rìí ọjọ́ orí ọmọ, tàbí pé tọkọtaya ṣègbéyàwó níbẹ̀?

Ẹ̀yin wọ́dìn wa, ẹ da àwọn ìwé náà kọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí Ìgbókòdá tàbí ibòmíràn tí omi kò lè dé. Ẹ máa ka ìṣirò owó sétí ìjọ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, nígbà tí ẹ bá ń yan wọ́dìn, ẹ má wo ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo nìkan. Ẹ wo ẹni tí ó lè ṣọ́ nǹkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.