Ìwé Ẹgbẹ́ Kò Gbọdọ̀ Wà Níbì Kan Ṣoṣo



Ẹ̀rọ gé àbúrò wa kan lọ́wọ́. Òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ kejì gan-an ló sọ, èmi ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ọ̀gá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. A wá ìwé wa títí. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, kọ̀ǹpútà ọ̀hún sì ti kú. Àbúrò wa kò tíì gba kọ́bọ̀. Ojú tì mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ̀ka wa máa lo rsync láàárín kọ̀ǹpútà wa ní Òwu àti èyí tó wà ní Láfẹ́nwá. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló ṣe é jáde ní ọdún 1996, ọ̀fẹ́ ni. Àṣẹ ni a ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Yóò fi fáìlì ibí wé ti ọ̀hún, ibi tó bá yàtọ̀ nìkan ni yóò fi ránṣẹ́. Ó rọrùn fún àwa tí owó dátà ń dùn.

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ló sọ ìwé nù, òun náà lẹ tún ń gbé bọ̀." Òótọ́ ni. Idà kì í mọ orí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Bí akọ̀wé bá fi --delete kún àṣẹ náà, ohun tí a bá pa rẹ́ ní Òwu yóò pa rẹ́ ní Láfẹ́nwá. Bí a kò tilẹ̀ fi kún un, ohun tí a bá ṣì kọ ní Òwu yóò bo èyí tó tọ́ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lo --delete sí ìwé ẹgbẹ́. Kí a máa kọ́kọ́ fi -nv kún àṣẹ: rsync yóò to ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ láì tíì ṣe é, kí ẹni méjì jọ kà á. Lóṣooṣù, kí akápò gbé ẹ̀dà kan lọ sílé nínú flash, pẹ̀lú déètì lára rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bèèrè: ibi mélòó ni ìwé wa wà? Ọ̀gá ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ní tiwa.