Kí Á Máa Yẹ Ẹnu Ọmọ Wò

Bí ara ọmọ bá ń gbóná ní Ekinrin-Adde, ìyá rẹ̀ á fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, á wo ojú rẹ̀, á bi í bóyá inú ń run ún. Ta ló ń ní kó lanu? Lójú tiwa, ẹnu náà ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Àrùn kan wà tí à ń pè ní nómà. Inú ẹnu ni ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fà á ń gbé, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tí àìjẹunrekánú, èéyi, ibà tàbí HIV bá ti gba agbára ara ọmọ, wọ́n á dìde sí i. Ọmọ ọdún 2 sí 6 ló sábà máa ń mú. Èrìgì á kọ́kọ́ máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu á máa rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúdú, á sì jẹrà dé egungun. Láìsí ìtọ́jú, ó lè pa ọmọ 9 nínú 10.

Àwọn kan á ní àrùn ará Sókótó ni, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn nómà wà láti ọdún 1999. Irọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ní Ìbàdàn ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní in. Ó wà ní Yúróòpù náà rí. Oúnjẹ àti ìgbé ayé tó dára ló lé e lọ. Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn tó bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò, fífọ ẹnu mọ́ àti oúnjẹ aṣaralóore lè wò ó sàn. Tó bá ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tán, iṣẹ́ abẹ ló kù, Sókótó sì jìnnà sí wa.

Nítorí náà, kí àwọn nọ́ọ̀sì máa wo ẹnu ọmọ níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n sì ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò ná wọn ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Kí a má sì pè é ní èpè tàbí iṣẹ́ ayé, torí ìtìjú ló ń mú kí wọ́n fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá. Kì í ràn.

Àwa tí a ń kàwé ńkọ́? Bí a bá lọ sílé ní Kérésì, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún àwọn ìyá wa: bí èrìgì ọmọ tó ń ṣàìsàn bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.