Ẹ dán MP3 yẹn wò kí ọkọ̀ tó gbéra

Ẹni tó bá ti gba Ṣàgámù Interchange kọjá rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Bí ọkọ̀ bá ti rọra dúró báyìí, àwọn oníkirì á yí fèrèsé ká: gálà, omi inú ọ̀rá, ìpékeré, ṣájà, earpiece, àti ẹ̀rọ orin kékeré tí gbogbo wa ń pè ní MP3. Wọ́n kọ 32GB gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Èmi náà ra ọ̀kan.

Àwọn kan á ní, ta ló tún ń ra MP3 láyé ìsinsìnyí? Lóòótọ́, iPod shuffle tó jáde lọ́dún 2005 ti dohun ìtàn, ilé-iṣẹ́ Apple sì ti dáwọ́ iPod dúró pátápátá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹ wo fóònù yín dáadáa. Òun ni báńkì yín, òun lẹ fi ń san owó ọkọ̀, òun lẹ fi ń pe ẹni tó ń dúró dè yín. Bí orin bá jẹ bátìrì rẹ̀ tán kí ẹ tó dé Interchange, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn, kí lẹ fẹ́ ṣe? MP3 kì í jẹ dátà, ẹ sì lè tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú àpò láì yọ fóònù síta fún olè. Mi ò rí nǹkan àtijọ́ kankan nínú ìyẹn.

Èmi wá ṣe àṣìṣe kan. Fóònù mi ti kún, ni mo bá kó orin sínú ẹ̀rọ náà, mo sì kó ohùn ìyá àgbà mi tí mo gbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kì mí mọ́ ọn. Mo pa ti orí fóònù rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, orúkọ gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì wọn ò ṣí mọ́, ti ìyá àgbà náà ò sì ṣí. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, ààyè tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́ ò pé 8GB.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n ti kọ́ ẹ̀yà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà láti purọ́. Á sọ fún kọ̀ǹpútà pé 32GB lòun. Bí ààyè gidi bá kún, kò ní í kọ̀, á ṣáà máa gbà á, á máa dà á nù tàbí kó kọ tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àkójọ orúkọ máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí orúkọ tí ẹ ò ní í gbọ́ ohùn.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, mo sì mọ ohun tí ìwé sọ. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò kí a tó rà á, àti láti dá ọjà tó lábùkù padà láàárín àsìkò tó bójú mu. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni kí n dá a padà fún? Ọmọkùnrin yẹn ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa láti fún mi ní ṣéńjì ni!

Mi ò sì bá a jà. Bí wọ́n ṣe ta á fún un nínú páálí ló ṣe tà á fún mi. Ẹni tó tẹ 32GB sára ohun tí kò tó 8GB, àtẹni tó fi kọ̀nténà gbé e wọlé, àwọn ló yẹ kí àjọ FCCPC àti SON lọ bá. Kí wọ́n má wá sí Interchange wá máa lé ọmọ ọlọ́mọ kiri nínú oòrùn, kí wọ́n pè é ní iṣẹ́. Àwọn kan á ní ọjà pọ́ọ́kú, kí ni mò ń retí? Òótọ́ ni mò ń retí. Bó bá jẹ́ 8GB, kí wọ́n kọ 8GB. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin tó ẹgbẹ̀rún méjì ló máa gbà, ó sì tó mi.

Kí ìjọba tó dìde, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ní ihò mẹ́mórì, kí ẹ ra mẹ́mórì rẹ̀ lọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń já rísíìtì. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré yìí, FAT32 nìkan ni wọ́n ń kà, nítorí náà ẹ má ra mẹ́mórì tó ju 32GB lọ. Ẹ ki earpiece bọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi H2testw tàbí F3 dán an wò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n á kọ nǹkan kún inú rẹ̀, wọ́n á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ó ń purọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tí ẹ ò lè rí gbà mọ́ láyé, ẹ fi í sí ibi méjì ó kéré tán.

MP3 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ń kọ àwọn orin tó wọlé ṣáájú dáadáa. Ìyá àgbà ti lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ oríkì yẹn bí wọ́n ṣe ń kì í.