Ó Yẹ Kí A Fi Ọwọ́ Líle Mú Òfin Nínú Eré Ìdíje Ìbọn Yíyìn

Ìlapa Èrò
(i) Irú eré tí ìdíje ìbọn yíyìn jẹ́ àti bí a ṣe ń ka máàkì rẹ̀.
(ii) Òfin ààbò kò gbọdọ̀ mọ ojú ẹnikẹ́ni.
(iii) Èsì fún àwọn tí ó ní òfin náà ti le jù.
(iv) Bí ó ṣe yẹ kí a túmọ̀ àwọn òfin yòókù.
(v) Ẹ̀tọ́ olùdíje láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.
(vi) Ìkádìí.

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ ìlú ti rí ni ọ̀rọ̀ eré ìdíje náà rí. Bí eré bọ́ọ̀lù kò bá ní òfin, ìjà àti ariwo ni yóò dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré ìbọn kò bá ní òfin, òkú ni yóò sùn. Nítorí ìdí èyí, èrò tèmi ni pé ọwọ́ líle ni ó yẹ kí àwọn alábòójútó fi mú òfin ààbò nínú eré yìí, kí wọ́n sì fi òye túmọ̀ àwọn òfin yòókù láìṣe ojúsàájú.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ irú eré tí à ń sọ. Ní ọdún 1976, ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a dá ẹgbẹ́ àgbáyé tí à ń pè ní IPSC sílẹ̀. Jeff Cooper ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú eré tiwọn, olùdíje kì í dúró sójú kan bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹyẹ. Ṣe ni yóò máa sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, tí yóò máa yọjú lẹ́yìn ògiri, tí yóò sì máa yin ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ sí àwọn àmì bébà àti àmì irin. Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe àkọmọ̀nà: kí ọta bá ibi tí a fojú sùn, kí ìbọn ní agbára, kí ọwọ́ olùdíje sì yá.

Máàkì tí olùdíje bá gbà ni a ó fi iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó lò pín. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Bí àmì bébà mẹ́fà bá wà, tí a ní láti yin ọta méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọta tí ó bá wọ àárín gbùngbùn sì ń gba máàkì 5, máàkì 60 ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó gba 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12 yóò ní 5. Ẹni tí ó gba 54 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9 yóò ní 6, yóò sì borí. Ṣùgbọ́n bí alábòójútó bá rí i pé ẹsẹ̀ ẹni kejì yìí kan ilẹ̀ ré kọjá ààlà nígbà tí ó ń yìnbọn, a ó yọ máàkì 10 kúrò. Máàkì 44 ni yóò kù, èsì rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí 4.89. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu alábòójútó lè sọ ẹni àkọ́kọ́ di ẹni kejì!

Lọ́nà kìíní, òfin ààbò kò gbọdọ̀ mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Olùdíje kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú ìbọn rẹ̀ kọjá igun 90 sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, débi tí yóò fi kọjú sí àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ fi ìka sí ibi tí a ti ń fa ìbọn nígbà tí ó bá ń sáré tàbí tí ó ń ki ọta bọ ìbọn. Ìbọn kò gbọdọ̀ ṣèèṣì dún mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ já bọ́ nígbà tí ó ń ṣeré lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, a ó yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìdíje náà pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà, nítorí pé ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í kọ ojú ìbọn sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó. Ọta tí ó bá ti jáde kì í padà sẹ́nu ìbọn. Bí alábòójútó bá fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ gbajúmọ̀ lónìí, kí ni yóò rí sọ fún ọ̀dọ́ tí ó bá ṣe irú rẹ̀ lọ́la? Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Àwọn kan lè sọ pé òfin yìí ti le jù. Wọ́n lè ní ẹnì kan lè ná owó gọbọi, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn wá sí ìdíje àgbáyé, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Châteauroux ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2017, kí ìbọn rẹ̀ ṣèèṣì dún sí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní láìpa ẹnikẹ́ni lára, kí a sì ní kí ó máa lọ sílé. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà dunni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹnì kan bá fara gbọgbẹ́ ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú òfin lò, oríire ni à ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣọ́ra. Ọta tí ó wọlẹ̀ lónìí lè wọ inú ènìyàn lọ́la.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin náà kò ṣàìnírònú. Ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún títún ìbọn ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọta, ìbáà jẹ́ ọta ayédèrú tí kò lè dún. Aláìmọ̀kan lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ta ni ó lè dúró lókèèrè kí ó mọ ọta ayédèrú yàtọ̀ sí ojúlówó? Bákan náà, bí ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ nígbà tí olùdíje kò tíì bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mú un fúnra rẹ̀ ni yóò fojú winá òfin. Alábòójútó ni ó yẹ kí ó pè wá gbé e. Ìdí ni pé ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ìkánjú gbé ìbọn nílẹ̀ ni ojú ìbọn máa ń yí kiri.

Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ máàkì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Níbi tí iyèméjì bá ti wà, ó tọ́ kí a ro ti olùdíje. Òfin fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà hàn wá: bí ojú ọta bá kan ìlà tí ó wà láàárín máàkì ńlá àti máàkì kékeré, máàkì ńlá ni a ó fún un. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni ọ̀rọ̀ èrè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ré kọjá ààlà yóò pàdánù máàkì 10. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí èrè ńlá jẹ níbẹ̀, máàkì 10 ni yóò pàdánù lórí ọta kọ̀ọ̀kan tí ó yìn. Bí ọta bá jẹ́ mẹ́rin, 40 nìyẹn. Kí alábòójútó tó sọ pé èrè náà tóbi, ó yẹ kí ó lè tọ́ka sí i: àmì wo ni ẹni náà rí láti ibẹ̀ tí àwọn yòókù kò rí? Bí kò bá lè dáhùn, kí ó yọ máàkì 10, kí ó sì dákẹ́.

Èmi kò fara mọ́ kí a máa dá ẹjọ́ èrò ọkàn. Nínú ẹgbẹ́ mìíràn tí a ń pè ní IDPA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, ìyà ńlá wà fún ẹni tí a bá gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin láti rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Ohun tí ó dára ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n inú ènìyàn jìn. Alábòójútó lè rí ẹsẹ̀, ó lè rí ìka, kò lè rí ọkàn. Ibẹ̀ ni ojúsàájú ti máa ń rí àyè wọlé.

Lọ́nà kẹta, àwọn alábòójútó náà jẹ́ ènìyàn, wọ́n sì lè ṣìnà. Ìdí nìyí tí òfin IPSC fi gba olùdíje láyè láti pe ẹjọ́ sókè títí yóò fi dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Yóò san owó ẹjọ́, a ó sì dá a padà fún un bí ó bá jàre. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ní ìkádìí, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ máa ń dùn láti lé ènìyàn kúrò nínú eré tí ó fẹ́ràn. Síbẹ̀, ó sàn kí olùdíje fi ìbínú lọ sílé ju kí wọ́n gbé ẹlòmíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Níbi tí ẹ̀mí bá wà, kí alábòójútó di òfin mú ṣinṣin. Níbi tí ó bá jẹ́ máàkì nìkan, kí ó fi sùúrù wò ó. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó pàdánù pàápàá yóò gbà pé a kò rẹ́ òun jẹ.