Ta Ni Yóò Kọ Ewì Ní Ohùn Ìjẹ̀bú?

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè akéwì ayé àtijọ́ tó mọ̀, Shakespeare ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò ní rántí Ṣóbọ̀ Aróbíodu, ọmọ Ẹ̀gbá tó wà nítòsí wa níbí. Josiah Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Nǹkan bí ọdún 1858 ni wọ́n bí i, ó sì kú lọ́dún 1936.

Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1855, Walt Whitman fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé ewì kan jáde. Ó pa ìlànà tí àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé tì, ó ń sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbẹ̀ àti káfíńtà ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan bú u nígbà náà, ṣùgbọ́n lónìí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Mi ò sọ pé Ṣóbọ̀ ka ìwé rẹ̀ o. Ohun tí mò ń wí ni pé àwa náà ní ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lásìkò Ṣóbọ̀, Yorùbá inú Bíbélì, tí ti Ọ̀yọ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ̀wé. Onígbàgbọ́ ni Ṣóbọ̀, síbẹ̀ ohùn orò, tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní àrùngbè, ló gbé wọ inú ìwé, èdè Ẹ̀gbá ló sì fi kọ ọ́. Obìnrin kì í rí orò, ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ̀wé lè mú ìwé Ṣóbọ̀ lọ́wọ́ kó sì kà á. Lójú tèmi, ìyẹn ga ju gbogbo ìyìn tó kó fún ìjọba Òyìnbó lọ, èyí tí ó pọ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Lọ́dún 1886 ni E. M. Líjàdù ti kó orin Aríbilóṣòó, Ẹ̀gbá bíi tirẹ̀, jọ sínú ìwé kékeré kan.

Àwa Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè ńkọ́? A ní Agẹmọ, a ní orin tí àwọn régbérégbé ń kọ ní Ojúde Ọba. Àwọn àgbàlagbà ló mọ̀ wọ́n jù, àwọn ọmọ wa tó wà nílé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò sì gbọ́ èdè Ìjẹ̀bú dénú mọ́. Àwọn kan lè ní èdè tí a bá fi kọ̀wé gbọ́dọ̀ yé gbogbo Yorùbá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ṣóbọ̀ kò dúró de gbogbo Yorùbá kó tó kọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ-ọmọ yín bá gbé fóònù síwájú yín pé kí ẹ kọrin, ẹ má lé e. Kí àwọn tó ń ṣètò Ojúde Ọba náà máa tẹ orin régbérégbé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé lọ́dọọdún, ní èdè Ìjẹ̀bú gan-an, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé.