Kí Wọ́n Tó Ha Eyín Rẹ Nítorí Ẹwà

Fídíò eyín tuntun ti pọ̀ lórí Instagram báyìí, láti Èkó títí dé Àbújá. Ẹnì kan á jókòó sórí àga dókítà, eyín rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, ọ̀kan á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo eyín iwájú á ti funfun báláú, wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ. Veneer ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi bo eyín náà. Ohun tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi hàn ni àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ha eyín, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Pẹlẹbẹ tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni veneer, tí wọ́n mọ ní ìwọ̀n eyín kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀. Kí ó má baà yọ síta jù lẹ́nu, dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ ha nǹkan bí ìdajì mìlímítà kúrò lára eyín fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìwọ̀n eyín, tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń mọ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ásíìdì pa ojú eyín kí ó lè rí ṣákaṣàka, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí i títí yóò fi gan.

Dókítà eyín kan ní Kalifóníà, Charles Pincus, ló bẹ̀rẹ̀ veneer lọ́dún 1928 fún àwọn òṣèré Hollywood. Gọ́ọ̀mù tí kò lágbára ni wọ́n ń lò nígbà náà. Bí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, òṣèré á yọ ọ́, eyín rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Lọ́dún 1955, Michael Buonocore rí i pé ásíìdì lè mú kí nǹkan dì mọ́ eyín dáadáa. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe lè lẹ tánńganran pọ̀ mọ́ eyín pinpin. Ohun tí òṣèré ń yọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ wá di ohun tí èèyàn ń gbé kiri títí ọjọ́ alẹ́.

Awọ òde eyín, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní enamel, ló le jù lọ nínú ara èèyàn. Ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ́n kì í sí mọ́ lẹ́yìn tí eyín bá ti yọ. Egungun tó ṣẹ́ ń jinná, èékánná tó ya ń hù. Enamel tí wọ́n bá ha lọ kì í padà.

Veneer tánńganran tí wọ́n ṣe dáadáa sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15. Ọmọ ọdún 25 tó bá ṣe é lónìí lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó pé 70, iye eyín tó bá sì ṣe ni yóò fi sanwó. Èyí kì í ṣe ìpinnu tí ó yẹ kí èèyàn ṣe nítorí ìgbéyàwó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Veneer ní àwọn tó wà fún. Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí eyín iwájú rẹ̀ kán wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn tetracycline kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí eyín rẹ̀ di aláwọ̀ eérú láti inú wá, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí obì, tíì tàbí sìgá pa eyín rẹ̀ láró, kí ó kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ nílé ìwòsàn. Oògùn tí ń mú eyín funfun wà, wáyà tí ń to eyín wà, wọn kì í sì í sábà ha enamel kúrò.

Èyí tó dunni jù ni ti èjí. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi yangàn, tí wọ́n fi ń ki arẹwà obìnrin, ni àwọn ọmọ kan ń sanwó báyìí kí wọ́n lè dí i pa. Eyín tí kò ṣàìsàn kò nílò ìwòsàn.

Àwọn ará Bìrìtéènì ti rí àpẹẹrẹ ewu tó wà nínú ìháyín. Ọ̀pọ̀ wọn gba Tọ́kì lọ nítorí owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan rò pé veneer ni wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn, àṣé wọ́n á ha eyín wọn yíká títí yóò fi ṣẹ́kù bí èèkàn, wọ́n á sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní crown dé e lórí bí adé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kì í ṣe dókítà rárá ń lẹ veneer fún èèyàn, ọlọ́pàá sì ti mú lára wọn.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí MDCN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà àti ti dókítà eyín, bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ dókítà eyín. Nítorí náà, ìwọ tó fẹ́ ṣe veneer, béèrè orúkọ dókítà náà, kí o sì wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà. Bi í pé báwo ni ohun tí yóò ha kúrò lára eyín rẹ ṣe pọ̀ tó, kí sì ni ọ̀nà mìíràn tí kò ní ìháyín nínú. Bí kò bá lè dá ọ lóhùn yékéyéké, dìde lórí àga rẹ̀, kí o máa lọ.