Ta Ni Yóò Sanwó Igi Tí A Kò Gé?



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní Ẹ̀sà-Òkè níhìn-ín ni ọkùnrin kan tí ń ta pákó bi mí pé, "Àfáà, a gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń ra afẹ́fẹ́ igbó. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí ta afẹ́fẹ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí òfin wa kò gbà kí ènìyàn ta ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni à ń tà. Àgbẹ̀ tí ó ní ìrókò nínú oko kòkó rẹ̀, tí ó lè gbowó rẹ̀ lónìí, tí ó sì jẹ́ kí ó dúró, iṣẹ́ ni ó ń ṣe fún ẹlòmíràn, owó iṣẹ́ kò sì léèwọ̀.

Ní 2019 ìjọba Gánà bá Báńkì Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí igbó tí ó wà ní àgbègbè kòkó wọn. Ní January 2023 wọ́n gba dọ́là 4,862,280, nítorí pé wọ́n dín èéfín tí igbó pípa ń mú wá kù ní tọ́ọ̀nù 972,456. Ẹ ṣírò rẹ̀: dọ́là 5 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní 2024, Ivory Coast gba mílíọ̀nù 35 lórí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 7. Dọ́là 5 náà ni! Ẹ̀yin oníṣòwò, ọjà tí oníbàárà kan ṣoṣo bá wà, ṣé ẹ kò mọ ẹni tí ń dá iye lé e? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pa ohùn pọ̀ tajà wọn.

Oníbàárà sì wà nílé pẹ̀lú. Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Àwọn tí ń wa góòlù láìgbàṣẹ lágbègbè Iléṣà sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀, títí ìjọba fi kìlọ̀ ní August 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Kí ni ó burú bí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bá ń san nǹkan fún àgbẹ̀ òkè odò tí ó fi igi etídò sílẹ̀? Ti awagóòlù yàtọ̀ o. Òun ni yóò fi owó ara rẹ̀ dí kòtò tí ó gbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sanwó fún un kí ó tó ṣíwọ́.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni òṣùwọ̀n. Ní ìṣojú àgbẹ̀ ni kí wọ́n ti ka igi, kí wọ́n sì ka orúkọ àwọn tí ó gbowó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ìdí. Ní 2011 ẹnì kan mú ìwé àṣẹ wá, ó gé ìrókò kan nínú oko bàbá mi. Igi náà wó pa kòkó mẹ́sàn-án. Owó tí ó fún wa kò ra ewúrẹ́.

Ìrókò kan ṣì kù níbẹ̀. Ẹni tí yóò bá kà á kí ó wá, n ó mú un dé ìdí rẹ̀.